Tírélà ìpàgọ́ tí Hilux máa fà wọ ìgbẹ́: ẹ bá mi wo àwòrán yìí kí wẹ́dà tó bẹ̀rẹ̀

ỌmọOlúyọ̀lé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Tírélà kékeré kan ni mo fẹ́ kí wẹ́dà bá mi fi irin jó. Kì í ṣe irú èyí tó ń kó sìmẹ́ǹtì o, èyí tí Hilux 4x4 máa fà lọ pàgọ́ ni. Ọ̀nà tó máa rìn jù ni Ìbàdàn sí Ìsẹ́yìn títí dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ká wá wọ inú Old Oyo National Park: ọ̀dà díẹ̀, ilẹ̀ pupa tó ti dà bíi páànù òrùlé, yanrìn etí odò, ẹrọ̀fọ̀ bí òjò bá ti dé. Èèyàn mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́ta láìsí iná, láìsí omi ẹ̀rọ.

Ohun tí mo yà sórí ìwé rèé. Àpótí 2.4 mítà ní gígùn, 1.5 mítà ní ìbú, 80 sẹ̀ǹtímítà ní gíga. Ẹ́ńgù áyọ́ǹ ínṣì méjì fún ṣàásì. Ásù ẹ̀yìn Golf tokunbo (irin ìdábùú tí táyà ọ̀tún àti ti òsì wà lẹ́nu rẹ̀), wẹ́dà ní ọ̀kan wà nílẹ̀. Àgọ́ orí òrùlé lókè. Ilé ìdáná wà lẹ́yìn pátápátá, bátìrì tubular (bátìrì inverter olómi) 200Ah méjì wà lábẹ́ rẹ̀ (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè kó). Táǹkì omi lítà 80 wà níwájú, jẹnẹrétọ̀ kékeré (I better pass my neighbour) wà lórí irin ìfà, sílíńdà gáàsì 12.5 kg sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣé ásù kan tó àbí méjì? Ibo gan-an ni kó wà lábẹ́ àpótí? Ṣé dandan ni bíréèkì, torí wẹ́dà ní bíréèkì Hilux tó fún àwọn méjèèjì? Ẹ má wojú mi o, ẹ sọ ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó.

---

Àgbẹ̀dẹ_Mọ́níyà

Àbúrò, o ṣeun tó o mú un wá nígbà tó ṣì wà lórí ìwé. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó pọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì ná ẹ ní kọ́bọ̀.

Kó o tó ra irin, kọ ìwúwo ohun gbogbo sílẹ̀. Mo ti bá ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àwọn àtúnṣe tí gbogbo wa máa sọ: ṣàásì àti irin ìfà 100 kg; ásù, hóòbù (ibi tí rímù ń jókòó sí), bíréèkì àti sípíríǹgì 75; táyà mẹ́ta pẹ̀lú rímù, sípíà wà nínú rẹ̀, 90; àpótí onípáànù 1.5 mm pẹ̀lú egungun rẹ̀ 200, àgọ́ orí òrùlé 60, omi 80, bátìrì lithium ẹyọ kan 12, fíríìjì àti oúnjẹ inú rẹ̀ 40, gáàsì 6 kg pẹ̀lú sílíńdà rẹ̀ 13, ìkòkò, àga, irin iṣẹ́ àti aṣọ 80. Àròpọ̀ rẹ̀ 750 kg. Ásù àti sípíríǹgì tó lè gbé 1,200 ni kó o rà, kó má baà jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́ dé góńgó. Ásù kan tó. Ẹlẹ́ẹ̀kejì á fi nǹkan bí 130 kg kún un, táyà mẹ́rin á sì máa ha ilẹ̀ lójú kan nígbàkígbà tó o bá ń yí i nínú igbó tóóró.

Ibi tí ásù máa wà ló ń pinnu bóyá tírélà máa tẹ̀ lé ẹ tàbí á máa jà. Orí ìsopọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ bọ́ọ̀lù Hilux (bọ́ọ̀lù irin ẹ̀yìn mọ́tò tí tírélà ń kọ́ mọ́) mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá sí méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Fún 750, 75 sí 90 kg nìyẹn. Tó bá fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí sọ́tùn-ún sósì lórí ọ̀dà bí eré bá ti pọ̀, bó bá sì le tán, á gbá ìdí Hilux pàápàá kúrò lọ́nà.

Mú irin ìfà ní 1.4 mítà láti iwájú àpótí dé àárín bọ́ọ̀lù. Fi ásù sí 1.4 mítà láti iwájú àpótí, ìyẹn 20 sẹ̀ǹtímítà lẹ́yìn àárín gbùngbùn. Ásù sí bọ́ọ̀lù wá di 2.8 mítà. Wàyí o, wo ohun tí àwòrán rẹ ń ṣe. Ẹrù ìdáná 60 kg tó jókòó sí 80 sẹ̀ǹtímítà lẹ́yìn ásù ń gbé 17 kg kúrò lórí bọ́ọ̀lù (60 × 0.8 ÷ 2.8). Bátìrì tubular méjì, ó kéré tán 120 kg, lójú kan náà, ń gbé 34 kúrò. 51 kg ti lọ báyìí, o ò tíì gbé àga ẹyọ kan sẹ́yìn. Gbé ilé ìdáná wá sí ẹ̀gbẹ́, níwájú táyà, kó máa fà jáde bíi dúróò tábìlì.

Omi náà ńkọ́? Bó o ṣe fi í síwájú pátápátá, 1.2 mítà sí ásù, 34 kg ló máa kúrò lórí bọ́ọ̀lù bó bá ṣe ń tán. Ìyẹn ni pé tírélà tó o fà lọ kọ́ lo máa fà bọ̀. Tó o bá fi í sí 20 sẹ̀ǹtímítà péré níwájú ásù, nísàlẹ̀, láàárín irin ṣàásì méjèèjì, ìyàtọ̀ kò tó 6 kg. Táǹkì lítà 40 méjì sì sàn ju ẹyọ kan lọ, torí omi tó kù ní ìlàjì inú táǹkì ńlá máa ń jà kíkan.

Ẹ́ńgù áyọ́ǹ ò dáa fún ṣàásì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó máa ń lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún nígbà tí táyà ọ̀tún bá gun òkúta tí ti òsì sì wà nínú kòtò, ojú ibi tí wọ́n jó ló sì kọ́kọ́ máa là. Ra páìpù onígun mẹ́rin 100 × 50 × 3 mm fún irin gígùn méjì àti irin ìfà, 50 × 50 × 3 mm fún àwọn irin ìdábùú márùn-ún. Mú kálípà (irin tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó) dání lọ sọ́jà, kó o wọn ẹnu páìpù fúnra rẹ kó o tó sanwó. Ẹni tó bá fojú díwọ̀n lè gbé 2.5 délé.

Irin ìfà méjèèjì, má jẹ́ kí wọ́n gé e síbi irin iwájú àpótí. Kó gba abẹ́ kọjá títí táá fi kan ibi tí ọwọ́ iwájú sípíríǹgì so mọ́. Tí wọ́n bá gé e síwájú, gbogbo sísọ sókè-sódò ojú ọ̀nà á máa já lé ojú ìjó kan ṣoṣo. Kí wọ́n sì jó o ní gígùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fa ìlà ìjó kọjá lábẹ́ irin ìfà níbi tó ti wọ abẹ́ àpótí, torí abẹ́ yẹn ni irin ti ń nà jù, ibi tí iná ti jẹ ẹ́ ló sì máa ṣẹ́. Élẹ́kítírọ́òdù (ọ̀pá ìjórin) 6013 géèjì 12 tó fún àpótí. Fún irin ìfà àti ọwọ́ sípíríǹgì, 7018 ni, kó gbẹ dáadáa. Èyí tó ti fa ọ̀rinrin nínú páálí tó ṣí, ihò wẹẹrẹ ló máa kún ojú ìjó. Ẹ̀rọ ìjórin onítáńsífọ́mà máa ń bá 7018 jà. Kí wẹ́dà lo ẹ̀rọ ìjórin oní-inverter.

Kẹ́ ẹ tó kùn ún, lu ihò 8 mm sábẹ́ páìpù kọ̀ọ̀kan níbi tó rẹlẹ̀ jù. Bí omi bá ráyè wọlé tí kò ráyè jáde, inú ni ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́ bọ̀, o ò ní rí i.

---

Ìyá Táyé (Perth)

Àgbẹ̀dẹ ti sọ èyí tó ṣe kókó jù. Ẹ jẹ́ kí n bá a débi táyà, torí àwòrán yẹn ò lè wọlé bó ṣe wà.

Táyà tírélà gbọ́dọ̀ máa tẹ ojú ipa táyà Hilux gan-an. Nínú yanrìn, Hilux ti ki ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣáájú. Bí ti ẹ̀yìn bá ń la ipa tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé ẹ̀ ń fa ìdákọ̀ró. Fi tépù wọn Hilux rẹ láti àárín táyà kan sí àárín èkejì: nǹkan bí 1.5 mítà ló máa jẹ́. Bí táyà bá jẹ́ 265/65R17, ó fẹ̀ tó 26.5 sẹ̀ǹtímítà, àlàfo inú láàárín táyà méjèèjì wá ku 1.23 mítà. Àpótí 1.5 mítà ò lè jókòó síbẹ̀. Ṣe ìsàlẹ̀ àpótí ní 1.1 mítà, kó wá fẹ̀ dé 1.5 lókè táyà. Táyà yẹn ga tó 78 sẹ̀ǹtímítà. Fi 10 sílẹ̀ lókè rẹ̀ kó ráyè sókè nígbà tí sípíríǹgì bá tẹ̀.

Ásù Golf, rárá o. Ihò bóòtù rẹ̀ kì í ṣe ti Hilux. Ásù onígun mẹ́rin tó dí pa, 45 mm, ni kẹ́ ẹ gé sí ìwọ̀n, pẹ̀lú hóòbù oníbóòtù mẹ́fà 139.7 mm. Rímù àti táyà kan náà ni Hilux àti tírélà máa wọ̀ nígbà náà, sípíà méjì tẹ́ ẹ gbé á sì ṣiṣẹ́ fún táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ kó bẹ́árìn kan pẹ̀lú síìlì rẹ̀ àti gíríìsì dání. Hóòbù tó gbóná tó wọ odò máa ń fa omi gba ojú síìlì wọlé, torí bí irin bá tutù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń sún kì. Ẹ dúró díẹ̀ kó tutù kẹ́ ẹ tó sọdá.

Sípíríǹgì: àwọn èèyàn rò pé èyí tó le jù ló lágbára jù. Tẹ́ ẹ bá fi èyí tí wọ́n ṣe fún tọ́ọ̀nù méjì sábẹ́ 750 kg, kò ní tẹ̀ rárá. Tírélà á máa fò lórí ilẹ̀ bíi páànù yẹn, nọ́ọ̀tì á máa tú, ojú páìpù gáàsì á máa jò, ẹyin inú fíríìjì á sì ti di ómúlẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó dé Ìsẹ́yìn. Fún 1,200 ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó ní ojú ihò lápá méjèèjì àti ṣákù lẹ́yìn (irin kékeré tó ń jẹ́ kí ìdí sípíríǹgì ráyè rìn), kì í ṣe èyí tí ẹnu rẹ̀ kàn ń yọ̀ lórí irin. Ẹ fi ṣọ́kù méjì sí i. Lẹ́yìn 100 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ tún gbogbo bóòtù U (èyí tó di sípíríǹgì mọ́ ásù) dì, torí ewé sípíríǹgì tuntun máa ń jókòó síra. Lórí ọ̀dà, 35 psi. Bẹ́ ẹ bá ti wọ ilẹ̀ pupa, ẹ jò ó sí 24, kẹ́ ẹ sì dín eré kù. Ẹ gbé pọ́ńpù oníná kékeré dání tẹ́ ẹ máa fi dá a padà.

Bíréèkì: níbí ní Ọsirélíà, tírélà tó bá ti ju 750 kg lọ pẹ̀lú ẹrù gbọ́dọ̀ ní i. Ní UK náà, 750 yẹn ni ààlà. Ẹ̀yin ti wà lórí ààlà lórí ìwé, tírélà kì í sì í fúyẹ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ ti wẹ́dà. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí òkúta wẹẹrẹ bò, tó tún yí kọ́nà, bíréèkì Hilux á dá Hilux dúró, tírélà ò sì gbọ́, á máa ti ìdí rẹ̀ lọ sínú igbó. Bíréèkì oníná, dúrọ́ọ̀mù ínṣì 10, pẹ̀lú bọtini nínú mọ́tò ni mo fara mọ́. Irú èyí tí tírélà fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ nígbà tó bá sún síwájú máa ń yọni lẹ́nu nígbà rìfáàsì lórí òkè. Ẹ yí agbára rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ ẹ bá kúrò lórí ọ̀dà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà tírélà á gbá, á sì máa yọ̀.

Ó ku eruku, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í rò títí tó fi bá a nínú gàrí. Nígbà tí tírélà bá ń lọ, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fẹ́lẹ́, òun ló ń fa eruku pupa gba etí ilẹ̀kùn wọlé. Ẹ lo rọ́bà oníhò lẹ́ẹ̀mejì yípo ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí lọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ dé ìlàjì. Lẹ́yìn náà, ẹ lu ihò kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ síwájú àpótí, lókè, kẹ́ ẹ fi fílítà afẹ́fẹ́ mọ́tò bò ó. Bẹ́ ẹ bá ń lọ, afẹ́fẹ́ tó mọ́ á máa ti inú wá, eruku ò ní ráyè wọlé. Ẹ dì í pa bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọdá odò.

---

Réwáyà_Gate

Ẹ kú àlàyé, Ìyá Táyé. Ọ̀gá mi, ẹ fi jẹnẹrétọ̀ yẹn sílé. Ariwo ẹ̀ á lé ẹran tẹ́ ẹ lọ wò, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ kó pẹtiróòlù, gáàsì àti ohun tó ń ta iná sójú kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tẹ́ ẹ máa lò lójúmọ́. Fíríìjì oníkọ̀ǹpírẹ́sọ̀ 12 fóòtì (12 V), lítà 45, nínú oru wa: 50 sí 60 Ah. Iná LED, pọ́ńpù omi, fóònù mẹ́rin: 15. Ẹ pè é ní 70. Bátìrì lithium (LiFePO4) 100Ah kan, ẹ lè lo 85 nínú rẹ̀ láìṣe é níbi, kò sì ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo tubular méjì yẹn lọ. Sólà wáàtì 200 á dá nǹkan bí 50 padà lójúmọ́ bí oòrùn bá ràn. Gbèsè 20 Ah lójúmọ́ ni, 85 á gbé e kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má de sólà mọ́ òrùlé tírélà o. Abẹ́ igi lẹ máa wá fún ara yín, sólà ò sì fẹ́ igi. Èyí tó ń ká, pẹ̀lú wáyà mítà mẹ́wàá, lẹ máa gbé síta gbangba.

Láti Hilux: ẹ má so bátìrì sí bátìrì tààrà. Ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gba agbára lithium sí. DC-DC charger 25 A (ẹ̀rọ tó ń fi iná mọ́tò gba agbára sí bátìrì kejì bó ṣe yẹ) ni, kó wà nínú tírélà, nítòsí bátìrì, kó sì máa ṣiṣẹ́ kìkì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ibi tí àwa réwáyà ti máa ń ba nǹkan jẹ́ ni wáyà. Láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé tírélà jẹ́ mítà 8, àlọ àti àbọ̀ 16. Bí wáyà bá jẹ́ 6 mm², nǹkan bí fóòtì 1.15 ló máa sọnù lójú ọ̀nà ní 25 A. Bó bá jẹ́ 16 mm², kò ju 0.43 lọ. Ẹ lo 16. Fíúsì 50 A lápá méjèèjì, kò gbọ́dọ̀ ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ sí bátìrì kọ̀ọ̀kan, torí wáyà yẹn ní iná lẹ́nu méjèèjì. Tí òkúta bá gé e láàárín tí fíúsì wà lápá kan ṣoṣo, apá kejì á máa jó lọ. Píọ́ọ̀gì Anderson 50 A fún ìsopọ̀, pẹ̀lú ìdérí, torí ẹrọ̀fọ̀. Wáyà iná ẹ̀yìn àti bíréèkì, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Kẹ́ ẹ kó wọn sínú páìpù rọ́bà, lókè irin ṣàásì, kì í ṣe lábẹ́ rẹ̀.

Gáàsì: 12.5 kg tó kún tó 26 kg pẹ̀lú sílíńdà rẹ̀. Ti 6 kg tó fún èèyàn mẹ́rin fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tún ń ṣẹ́kù. Àpótí tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dá wà, kí ihò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, torí gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń dùbúlẹ̀ sí. Ẹ ti sílíńdà pa ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń rìn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ ojú páìpù wò, omi ọṣẹ ni, kì í ṣe ìṣáná.

---

ỌmọOlúyọ̀lé

Ẹ ṣé gan-an ni mà, ẹ ṣé ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti ya á lọ́tun: ìsàlẹ̀ 1.1, òkè 1.5, páìpù 100 × 50, ilé ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ níwájú táyà, táǹkì 40 méjì, jẹnẹrétọ̀ ti kúrò. Ó ku ohun méjì. Mo ti ra bọ́ọ̀lù 50 mm àti ẹnu rẹ̀. Ṣé owó yẹn ti wọgbó ni? Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó ń tẹ bọ́ọ̀lù gan-an lẹ́yìn tí wọ́n bá jó o tán, torí wẹ́dà ò ní òṣùwọ̀n?

---

Ìyá Táyé (Perth)

Kò wọgbó. 50 mm tó fún ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ibi tó ti máa kọsẹ̀ ni kòtò jíjìn: bí Hilux bá ti ń gun òkè tí tírélà ṣì wà nísàlẹ̀, ẹnu ìsopọ̀ á dé òpin ibi tó lè yí dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bọ́ọ̀lù bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò. Ẹ fi bóòtù mẹ́rin dè é mọ́ irin ìfà, ẹ má jó o pa, kẹ́ ẹ lè yọ ọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi èyí tó ń yí níhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rọ́pò rẹ̀. Ṣéènì méjì ni, kí wọ́n gba abẹ́ ara wọn kọjá bí àgbélébùú, kí wọ́n lè gbé orí irin ìfà bó bá já, kó má gún ilẹ̀. Ṣákù oníbóòtù (irin bíi U tí bóòtù ń dí ẹnu rẹ̀) ni kẹ́ ẹ fi kọ́ wọn, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ tàbí wáyà.

---

Àgbẹ̀dẹ_Mọ́níyà

Òṣùwọ̀n tí ìyàwó ẹ fi ń wọn ara ẹ̀ nílé tó. Di tírélà lẹ́rù bí ẹni ń lọ lóòótọ́, omi kún, gáàsì kún, àgọ́ wà lókè. Gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, fi òkúta há táyà méjèèjì. Gé igi kan tó máa dúró lóòró láàárín òṣùwọ̀n àti ẹnu ìsopọ̀, kó ga débi tí tírélà máa fi wà ní gbọọrọ bó ṣe máa wà lórí bọ́ọ̀lù. Bó o bá wọ̀n ọ́n nígbà tí imú rẹ̀ ga sókè, iye tó o máa rí á kéré sí òótọ́. Ka òṣùwọ̀n, kó o wá tú omi dànù, kó o tún kà á.

Tó bá kéré sí 75, má sáré gbé òkúta síwájú. Sún sípíà lọ sórí irin ìfà ná. Ìyẹn nìkan lè fi nǹkan bí 18 kg kún un. Tó bá ṣì kù, ásù ló máa sún sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí wẹ́dà ò fi gbọ́dọ̀ jó ọwọ́ sípíríǹgì pa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kó kàn fi iná tò ó wẹẹrẹ, kẹ́ ẹ kọ́ àpótí parí, kẹ́ ẹ dì í lẹ́rù, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Kẹ́ ẹ tún kó ẹrù kúrò kó tó wá jó o tán, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ wọn láti bọ́ọ̀lù dé igun ásù lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ìyàtọ̀ bá ju 3 mm lọ, tírélà á máa rìn bí alákàn, táyà á sì jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.